Fíìmù wo lẹ fẹ́ràn jù nínú àwọn tí kì í ṣe ti Hollywood? Mo ti sùn lórí ọ̀kan, mo sì sá fún èkejì

Ojú_Òru:

Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú ìjókòó o. Mo fẹ́ béèrè nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Látìgbà tí mo ti ń wo fíìmù, ti ìbọn àti ti mọ́tò tó ń fò kọjá lórí afárá ni mo mọ̀, kò sí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ó ti wá sú mi báyìí, torí tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí mo ti mọ ẹni tó máa kú, mo ti mọ ẹni tó máa fẹ́ra, mo tiẹ̀ mọ ìgbà tí ilé máa gbiná. Ni mo bá lọ ń wá fíìmù tí àwọn alárìíwísí fẹ́ràn, àwọn tí kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, àwọn ti ilẹ̀ òkèèrè, àti dọkumẹ́ńtárì.

Ibi tí mo bá yà sí, Tokyo Story ti Yasujiro Ozu ni mò ń bá níbẹ̀, ti 1953. Mo ní kò burú, mo tàn án lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá àti ìyá arúgbó wọkọ̀ lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo, àwọn ọmọ ò ráyè tiwọn. Wọ́n jókòó. Wọ́n mu tíì. Wọ́n tún jókòó. Kámẹ́rà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bá wọn mu tíì, kò mira. Ìgbà tí mo máa fi lajú, ìyá ti kú, mi ò sì mọ ohun tó pa á.

Mo ní kí n gbìyànjú dọkumẹ́ńtárì, wọ́n ní Shoah ti Claude Lanzmann ni ọba gbogbo wọn. Mo rí i pé ó lé ní wákàtí mẹ́sàn-án, mo rọra pa á dé.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé nípa fíìmù, èwo gan-an lẹ fẹ́ràn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fẹ́ràn o, kí lẹ sì rí nínú ẹ̀? Nǹkan kejì, subtitle yìí ń dà mí láàmú gan-an, tí mo bá ń kà á mi ò ní rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí mo bá gbójú sókè ọ̀rọ̀ ti lọ.

Ẹsẹ̀_Kan_Nílé:

Ti subtitle yẹn máa ń kọjá, ẹ má yọnu. Bong Joon-ho tó ṣe Parasite sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Golden Globes ní January 2020, ó ní ògiri yẹn ò ga ju íńṣì kan lọ, tẹ́ ẹ bá ti fò ó, fíìmù aláràbarà ló kún ẹ̀yìn ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún náà ni Parasite gba Oscar fíìmù tó dáa jù, kò sì sí fíìmù tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á rí ṣáájú ẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sùn lórí ẹ̀. Ó dìgbà kan ná.

Bàbá_Kámẹ́rà:

Àbúrò, ẹ kú oorun o. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ozu dùn yín, èmi náà sùn lórí ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mi ò tíì pé ogún ọdún nígbà yẹn. Ìgbà tí mo bímọ tèmi ni mo tún un wò, oorun ò kùn mí rárá, ńṣe ni mo gbé fóònù tí mo pe ìyá mi. Ẹ fi í pamọ́, ọjọ́ ẹ̀ ń bọ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ̀wé nípa fíìmù, ìbéèrè yín yìí sì ni wọ́n máa ń bi mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èsì tí mo máa ń fún wọn látijọ́, irọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mo máa ń dárúkọ àwọn gbankọgbì kí wọ́n lè mọ̀ pé mo kàwé. Àwọn tí mo fẹ́ràn dénú ni àwọn tí nǹkan bàjẹ́ nídìí wọn nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n, tí mo sì lè na ọwọ́ sí ojú àwòrán pé, ẹ wò ó, ibí yìí ni. Ilé-iṣẹ́ ńlá, tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á nawó sí i, wọ́n á tún un yà, ẹ ò ní mọ̀ láéláé. Ẹni tí kò lówó ò lè tún un yà. Ó ní láti dá ọgbọ́n sí i, ọgbọ́n tó dá yẹn gan-an ni mò ń wá kiri.

Ẹ jẹ́ ká mú Pather Panchali ti Satyajit Ray, ará India, 1955. Ìpolówó ọjà ni Ray ń bá wọn yà ní Kolkata, kò darí fíìmù kankan rí. Subrata Mitra tó gbé kámẹ́rà fún un jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, òun náà ò fọwọ́ kan kámẹ́rà fíìmù rí. Ní 1952 wọ́n lọ ya ibi tí ọmọbìnrin kan, Durga, àti àbúrò ẹ̀ Apu ti ń sá wọ inú pápá koríko tó yọ òdòdó funfun, tó ga bo àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀, tí wọ́n fẹ́ lọ wo ọkọ̀ ojú irin tí wọn ò rí rí. Wọ́n ya díẹ̀, ilẹ̀ ṣú, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, màlúù ti jẹ òdòdó náà mọ́lẹ̀ pátá. Ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n bá. Ọdún mìíràn ni wọ́n tó rí ìyókù yà, nígbà tí òdòdó tún yọ, àwa tá à ń wò ó ò sì rí nǹkan kan, àwọn ọmọ wọ inú koríko, wọ́n jáde, ọkọ̀ ojú irin dúdú gba iwájú wọn kọjá, èéfín rẹ̀ na gbọọrọ lójú ọ̀run.

Owó ńkọ́? Ó ta àwo orin ẹ̀, ó fi ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó ẹ̀ dógò, owó tán, iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wojú ara wọn. Ìjọba West Bengal ló wá yá a lówó níkẹyìn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé owó àtúnṣe ojú ọ̀nà ni, torí pé ìtumọ̀ orúkọ fíìmù náà ni orin ojú ọ̀nà kékeré. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo sún ìjókòó mi sẹ́yìn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń dá dúró tí mo bá ń fi han èèyàn ni ti ọkùnrin tó ń ta nǹkan dídùn. Ó gbé igi lé èjìká, ìkòkò fì sápá ọ̀tún, òmíràn fì sápá òsì, bó ṣe ń rìn ni wọ́n ń jùwọ̀n. Àwọn ọmọ ò lówó lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n tò tẹ̀ lé e, ajá tò tẹ̀ lé àwọn náà, kámẹ́rà wá sọ ojú sínú adágún omi, ẹ ó rí gbogbo wọn tí wọ́n ń rìn lórí omi, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Ó dùn ún wò, àbí? Ó dáa, kí wọ́n tó parí ipa ọkùnrin yẹn, ó kú. Ray sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé ńṣe ni àwọn wá ọkùnrin mìíràn tó sanra bíi tiẹ̀, tí ojú ẹ̀ ò jọ tiẹ̀ rárá, wọ́n sì ya ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan bó ṣe ń wọ ẹnubodè ilé kan. Iwájú lágbájá, ẹ̀yìn tàmẹ̀dù, ọkùnrin kan ṣoṣo la rí. Ajá náà kú, wọ́n wá òmíràn. Ó lé ní ìgbà mẹ́wàá tí mo ti wo ibẹ̀, mo mọ àṣírí ẹ̀, ojú mi ò tíì gbà á gbọ́ títí dòní.

Killer of Sheep ti Charles Burnett náà ń bẹ, ní Watts, Los Angeles. Ó ṣì wà ní yunifásítì UCLA nígbà tó ń yà á, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń yà á, gbogbo owó tó ná ò tó 10,000 dọ́là, ó sì parí ẹ̀ ní àárín ọdún 1970 sí 1980. Ọkùnrin kan ni, Stan, ilé ìpẹran ló ti ń ṣiṣẹ́, ara ẹ̀ ò balẹ̀, kì í rí oorun sùn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ ra ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìwúwo ẹ̀ nínú ẹ̀yìn yín, ọ̀kan fẹ̀yìn rìn, ìka fẹ́ẹ́ há, wọ́n sinmi, wọ́n tún gbé e, wọ́n gbé e dé ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n gbé e ka etí ibẹ̀. Wọn ò dè é o. Orí òkè ni mọ́tò sì dúró sí. Wọ́n ṣáná sí i, mọ́tò fò síwájú, ẹ́ńjìnnì já bọ́, ó fọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n lọ. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn mọ́tò náà, ó ń wo ẹ́ńjìnnì lórí títì bó ṣe ń kéré sí i. Tí ẹnikẹ́ni bá ti fowó tó ṣòro rí ra nǹkan tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kò nílò subtitle.

La Noire de... ti Ousmane Sembène, ará Senegal, 1966, bíi wákàtí kan péré ni, kò sí àwáwí. Ọmọbìnrin láti Dakar lọ bá àwọn òyìnbó tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Faransé, ilé wọn wá di ẹ̀wọ̀n fún un. Ohùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ tó ń rò lọ́kàn kì í ṣe ohùn obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń wò, ẹlòmíì ló sọ ọ́. Ẹ máa ṣọ́ ère ìbòjú tó gbé wá fún wọn, ibi tí wọ́n bá gbé e kọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú dọkumẹ́ńtárì, ẹ wo The Gleaners and I, Agnès Varda, 2000. Obìnrin yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó gbé kámẹ́rà dígítà kékeré dání, ó ń tẹ̀ lé àwọn tó ń ṣa ohun tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ lóko, ó rí ọ̀dùnkún tí wọ́n dà nù torí pé kò rí bí ọjà ṣe fẹ́, ó ṣa àwọn tó rí bí ọkàn lọ sílé. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé láti pa kámẹ́rà, ó jẹ́ kó rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kámẹ́rà ń ya ilẹ̀ lọ, ìdérí ojú ẹ̀ sì ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹnikẹ́ni lára wa á pa á rẹ́. Màmá fi orin jáàsì sí i, ó jẹ́ kí ìdérí jó tìtì, ó wà nínú fíìmù títí dòní.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni Close-Up ti Abbas Kiarostami, Iran, 1990. Ọkùnrin aláìní kan wà nínú bọ́ọ̀sì, Hossain Sabzian, obìnrin kan bi í nípa ìwé ọwọ́ ẹ̀, ó ní òun lòun kọ ọ́, òun ni Mohsen Makhmalbaf, dáírẹ́kítọ̀ ńlá. Irọ́ ni. Obìnrin náà gbà á gbọ́, ó mú un wọlé, gbogbo ẹbí ń retí kó fi wọ́n ṣe fíìmù, nígbà tó yá ọlọ́pàá kó o. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o. Kiarostami kà á nínú ìwé ìròyìn, ó pa iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tì, ó gba àṣẹ ya ìgbẹ́jọ́, ó sì bẹ gbogbo wọn, ẹni tó purọ́ àti àwọn tó purọ́ fún, kí wọ́n wá tún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe níwájú kámẹ́rà. Wọ́n gbà! Mi ò ní sọ bó ṣe parí.

Má_Tàn_Mí:

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àwọn nǹkan tẹ́ ẹ kọ yìí dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé àìlówó lẹ wá sọ di ẹwà báyìí? Fíìmù tí kò lówó tí kò sì dáa pọ̀ bí iyanrìn, a ò kàn mọ orúkọ wọn ni. Màlúù jẹ òdòdó Ray, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún màlúù. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi rí Killer of Sheep? Burnett fi orin Dinah Washington, Paul Robeson àtàwọn mìíràn sínú ẹ̀, kò ní owó àṣẹ orin, fíìmù ò lè wọ sinimá bó ṣe yẹ títí di 2007. Bí ọgbọ̀n ọdún! Nígbà tí wọ́n máa wá san owó orin náà, 150,000 dọ́là ni, ìyẹn ni pé owó orin nìkan ju ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún owó tó fi ya fíìmù lọ. Àìlówó ló bí i, àìlówó ló sì tì í mọ́lé. Ẹ lọ bi í bóyá inú ẹ̀ dùn sí i.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn “nǹkan tó bàjẹ́” tẹ́ ẹ̀ ń wá yìí, ta ló sọ fún yín pé wọ́n bàjẹ́ lóòótọ́? Close-Up tẹ́ ẹ̀ ń pọ́n lé, ní ìparí tí Makhmalbaf gangan wá pàdé Sabzian tí wọ́n jọ gun alùpùpù, tí máíkì ń já, tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn tó ń ya fíìmù ń ráhùn pé máíkì ti gbó, Kiarostami ló mọ̀ọ́mọ̀ gé ohùn yẹn. Máíkì kankan ò bàjẹ́ níbẹ̀!

Ẹ padà sí ìpìlẹ̀ pàápàá, Nanook of the North, Robert Flaherty, 1922, nípa ọdẹ Inuit kan ní ilẹ̀ yìnyín ní àríwá Canada, tí gbogbo ìwé ń pè ní bàbá dọkumẹ́ńtárì. Ọkùnrin yẹn ò jẹ́ Nanook, Allakariallak ló ń jẹ́. Obìnrin tí wọ́n ní ó jẹ́ ìyàwó ẹ̀ kì í ṣe ìyàwó ẹ̀. Ìbọn làwọn èèyàn ẹ̀ ti fi ń ṣọdẹ nígbà yẹn, Flaherty ní kí wọ́n padà sí ọ̀kọ̀ bíi ti àwọn baba wọn. Ilé yìnyín kéré, kámẹ́rà ò wọlé, inú sì ṣókùnkùn, ni wọ́n bá kọ́ ìdajì ilé tí òrùn ń tàn sí, àwọn èèyàn ń ṣe bí ẹni ń jí láti ojú oorun nínú òtútù. Wọ́n fún un ní àwo gírámafóònù, ó gé e jẹ bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì mọ ohun tó jẹ́ dáadáa. Dọkumẹ́ńtárì tó jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa rọra.

Wòótúnwò:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Má_Tàn_Mí, ẹ ti sọ ìparí Close-Up fún ẹni tí kò tíì wò ó! Irú ìwà wo nìyẹn.

Iṣẹ́ édíìtì ni mò ń ṣe, torí náà mo lọ́rọ̀ sọ. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà kan lẹ́nu wò fún wákàtí méjì gbáko, ó sọ nǹkan tó ń mú omi lójú, ó dákẹ́, ó nu ojú ẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo fẹ́ ká kámẹ́rà, mo wá rí i pé mi ò tẹ̀ ẹ́ rárá. Bàbá ní kò burú, ká tún un ṣe. A tún un ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn náà ló tún sọ, kò yọ ọ̀kan kù, ṣùgbọ́n ó ti di àlọ́. Torí náà mi ò bá Bàbá_Kámẹ́rà lọ délé, nǹkan tó bàjẹ́ sábà máa ń bàjẹ́ náà ni.

Àfi ẹni tó bá mọ ohun tó máa fi ṣe. Ẹ wo The Thin Blue Line ti Errol Morris, 1988. Wọ́n pa ọlọ́pàá kan ní Dallas ní 1976, wọ́n dájọ́ ikú fún Randall Adams, wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére, ó ń pariwo pé òun kọ́. Morris lọ ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà, ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí, ìdí nìyẹn tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ títí ẹnu ẹ̀ á fi kó bá a. Ó wá di ọjọ́ tó fẹ́ bá David Harris sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹni tó jẹ́rìí mọ́ Adams. Kámẹ́rà bàjẹ́. Téèpù kékeré ló fi gba ohùn. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ní ìparí nìyẹn, téèpù lórí tábìlì, kámẹ́rà ń wò ó látòkè, látẹ̀gbẹ́, ó sún mọ́ ọn, ẹ̀ ń gbọ́ Harris tó ń sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ pé òun mọ̀ pé Adams ò mọwọ́mẹsẹ̀, kò sí ojú tẹ́ ẹ máa wò. Ká ní kámẹ́rà ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀ la ò bá máa wò. Ní 1989 wọ́n tú Adams sílẹ̀. (Kó má di pé mò ń fi ìyẹ̀fun kùn ún, Adams fúnra ẹ̀ pe Morris lẹ́jọ́ lẹ́yìn náà lórí ẹni tó ni ìtàn ayé òun, wọ́n sì yanjú ẹ̀.)

Ti èmi tí mo fẹ́ràn jù ni Hoop Dreams, 1994, Steve James àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Wọ́n rò pé fíìmù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú làwọn ń lọ ṣe nípa àwọn ọmọkùnrin méjì ní Chicago, William Gates àti Arthur Agee, tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ là. Ọdún márùn-ún kọjá, ohun tí wọ́n yà lé ní 250 wákàtí, èyí tí wọ́n gé kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù ìgùn, ẹ má wo aago, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù tiẹ̀ kọ́ ni mo ń bá lọ síbẹ̀. Sheila ni, ìyá Arthur. Wọ́n ti já iná wọn, ọkọ ti lọ, owó ìrànwọ́ ò tó nǹkan, kò sẹ́ni tó ń wo ibi tó wà torí ọmọ ẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Ó wá di ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ funfun, ó parí ẹ̀kọ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ kéde pé òun ló gba máàkì tó ga jù nínú kíláàsì. Yàrá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ìjókòó pọ̀ ju èèyàn lọ. Ẹnu ẹ̀ ya, ó bú sẹ́kún. Mi ò mọ irú édíìtọ̀ tó ní láti wo 250 wákàtí bọ́ọ̀lù kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn fíìmù wà, ṣùgbọ́n mo kí i. Roger Ebert, alárìíwísí tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n, ní òun ló dáa jù nínú gbogbo fíìmù ọdún yẹn. Àwọn Oscar ò tiẹ̀ fi orúkọ ẹ̀ sínú àwọn dọkumẹ́ńtárì tó ń du ẹ̀bùn! Ariwo náà pọ̀ débi pé wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n padà lẹ́yìn náà.

Ojú_Òru, ti subtitle, ẹ wá Honeyland, 2019, ti North Macedonia, obìnrin kan àti oyin ẹ̀ lórí òkè. Èdè Turkish àtijọ́ tí obìnrin náà ń sọ, àwọn tó ń ya fíìmù náà ò gbọ́ ọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi ojú lásán to fíìmù náà pọ̀, láì mọ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ. Tí àwọn tó ṣe é bá lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà á gbọ́.

Bàbá_Kámẹ́rà:

Má_Tàn_Mí, mo gbà fún yín lórí Burnett, mi ò jiyàn. Ó yẹ kí n ti sọ ti orin yẹn, mo mọ̀ ọ́n, mo kàn fẹ́ kí ìtàn mi dùn ni. Iṣẹ́ wa ló ń fa ìyẹn, ẹni tó bá ń kọ nípa fíìmù á fẹ́ kí ìyà ẹlòmíì ní ìtumọ̀.

Ti Nanook, ẹ ò tíì sọ tán. Sìgá Flaherty ló jó àwọn fíìmù tó kọ́kọ́ yà níbẹ̀ ní 1916, ó padà lọ ní 1920 láti lọ yà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rí i, òun náà pàdánù, ó tún un ṣe, ó sì di àlọ́ bíi ti bàbá tí Wòótúnwò sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo ṣì ń wò ó ṣá o. Ìdajì ilé yìnyín náà, mo mọ̀ pé ìdajì ni, àmọ́ nígbà tí Allakariallak gé yìnyín dídán kan tó fi ṣe fèrèsé, tó tún gbé yìnyín mìíràn dúró níta kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn wọlé, ọwọ́ yẹn ò purọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ló ń kọ́ ọ.

Ti máíkì Kiarostami, mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó gbé nǹkan tó bàjẹ́ kalẹ̀ láti fi bo àṣírí ẹlòmíì. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ti gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó bá òrìṣà ẹ̀ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.

Ẹsẹ̀_Kan_Nílé:

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Tangerine? Sean Baker, 2015, iPhone 5s ló fi yà á látòkè délẹ̀, wọ́n kàn so gíláàsì kan mọ́ ọn lójú. Ó tún pani lẹ́rìn-ín. Ọmọdé má wò ó o.

Ojú_Òru:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wo Close-Up lálẹ́ àná, mi ò sùn!!! Ìparí tí wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ò dí mi lọ́wọ́, mo tiẹ̀ mọ̀ pé máíkì yẹn ò bàjẹ́, síbẹ̀ nígbà tí Sabzian rí Makhmalbaf tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo kàn ń na etí bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú ń bí mi pé mi ò gbọ́, inú mi sì tún dùn pé mi ò gbọ́, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀.

Ibi ìgbẹ́jọ́ yẹn náà mú mi, tó ń ṣàlàyé pé nígbà tóun ń jẹ́ Makhmalbaf wọ́n ń gbọ́ ohun tóun bá sọ, tó bá wá dalẹ́, òun á padà di ara òun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè agolo. Níbẹ̀rẹ̀, akọ̀ròyìn àti ọlọ́pàá wọlé lọ mú un, mo ti gbé ara dìde, mo ní ó yá, ìjà dé. Kámẹ́rà ò bá wọn wọlé! Ó dúró níta pẹ̀lú onítakisí. Onítakisí ń rìn kiri, ó wo ojú ọ̀run, ó ṣa òdòdó nínú òkìtì ewé kan, ó wá fi ẹsẹ̀ ta agolo kan, agolo náà sì ń yí lọ nísàlẹ̀ títì, gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, kámẹ́rà ń wò ó títí ó fi dúró. Kò sí subtitle kankan láti kà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú mi máa sinmi, mo kàn jókòó tí mò ń wo agolo. Kí ló dé? Kí ni agolo ń ṣe níbẹ̀?

Bàbá_Kámẹ́rà:

Ẹ padà lọ síbẹ̀, ẹ ṣọ́ akọ̀ròyìn nígbà tó jáde tó ń sáré kiri títì, tó ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn pé kí wọ́n yá òun ní téèpù tóun máa fi gba ohùn. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ojú_Òru:

Ó ta á! Agolo yẹn náà! Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ní kó ta á ni, àbí ó kàn bá a pàdé lójú ọ̀nà?

Má_Tàn_Mí:

Káàbọ̀. Ẹ ti ń béèrè ìbéèrè tèmi 😂